Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Kọ Owó Àlejò?

Ní ibùdókọ̀ Bassila, ẹni tí ó ń lọ sí Manigri kì í bèèrè irú owó tí awakọ̀ ń gbà. Owó sẹ́fà ni gbogbo wa ń ná. Bí owó bá ti pé, èrò wọkọ̀. Bí kò bá sì pé, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Èrò lè wí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé mi délé, bàbá mi yóò san ìyókù.” Awakọ̀ a wo ojú rẹ̀, a bèèrè ilé tí ó ti wá, lẹ́yìn náà ni yóò gbà tàbí kí ó kọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí ó lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní àwọn ìlú ńlá, ọ̀nà mìíràn ti dé. Èrò yóò mú káàdì pẹlẹbẹ kan sún mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò dún, owó ọkọ̀ yóò sì ti kúrò nínú káàdì náà láìsí pé ẹnikẹ́ni ka owó tàbí wá ṣẹ́ńjì. Ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ, káàdì Cowry ni a fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú irin Blue Line, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Owó ẹyọ ni orúkọ káàdì yìí ń tọ́ka sí. Orúkọ náà dùn létí wa, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kì í yan ẹni tí yóò ná an: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, ogójì ni lọ́wọ́ ọlọ́jà, ogójì náà ni lọ́wọ́ àlejò. Nísinsìnyí, ẹni tí ó ti Manigri dé Èkó pẹ̀lú náírà lápò, tí kò ní káàdì, owó rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò lè wọkọ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kọ owó rẹ̀?

A kò gbọdọ̀ yára dáhùn. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Káàdì kì í bu owó lé àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú, kì í sì í fi àìsí ṣẹ́ńjì gbé ìyókù owó jẹ. Owó bébà pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́ pátápátá: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní owó ní báǹkì tí wọn kò sì rí èyí tí wọn yóò fi wọkọ̀. Awakọ̀ tiwa náà, ọmọ ẹni tí ó mọ̀ ni ó máa ń ṣàánú jù. Àánú tí ń wo ojú kò tíì di òdodo.

Ìbéèrè náà gan-an ni pé: ta ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì? Láyé àtijọ́, ọlọ́jà a máa pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe àmì iye rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Arìnrìn-àjò yóò mú ohun tí ó fẹ́, yóò fi owó sílẹ̀. Sísanwó láìfojúkojú kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ṣùgbọ́n onílé ni ó kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé àlejò. Káàdì yí ètò náà padà: àlejò ni yóò kọ́kọ́ ra káàdì, tí yóò kó owó sínú rẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbé e. Ẹni tí ó mọ ìlú kéré jù ni ẹrù wúwo lé lórí jù.

Ǹjẹ́ a lè kọ́ ẹ̀rọ ní ìwà? Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2014, àwọn bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù dẹ́kun gbígba owó lọ́wọ́ èrò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣàkóso wọn ṣe ètò kan: ẹni tí owó kù díẹ̀ nínú káàdì Oyster rẹ̀, tí kò sì tó owó ọkọ̀ mọ́, lè wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i, gbèsè náà yóò kúrò nígbà tí ó bá tún fi owó kún un. Ohun tí èrò Bassila ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, ẹ̀rọ sì ń fi fúnni láìbèèrè ọmọ ta ni. Ẹ̀rọ kò ní àánú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe òfin rẹ̀ lè ní in. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní káàdì rárá kò lè jẹ nínú àánú náà.

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí: ìlú tí yóò bá kọ owó àlejò gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún un. Kí a máa ta káàdì ní ibùdókọ̀ gan-an, ní owó táṣẹ́rẹ́. Kí ènìyàn kan wà nítòsí ẹ̀rọ tí ó lè gbọ́ àlàyé. Níbi tí kò bá ti sí ìwọ̀nyí, kíkọ owó náà kò tọ́, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà yá tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú yín ni àwọn tí yóò kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́la yóò ti jáde. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i, ẹ bi ara yín léèrè pé: ẹni tí ó wọ̀lú lálẹ́ àná, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, báwo ni yóò ṣe délé?