Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Fi Òtítọ́ Pamọ́ fún Aláìsàn?

Àwa tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sango mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni a ń ṣọ́ jùlọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń dá ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ikú kò jìnnà. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń gba mùdùnmúdùn lára ẹlòmíràn, pàápàá ọmọ-ìyá aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi í fún un. Ní 2011, Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Benin fi irú ìwòsàn yìí tọ́jú ọmọ kan tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ohun ọpẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọn a kọ́kọ́ lo oògùn líle, nígbà mìíràn ìtànṣán pẹ̀lú, láti pa ti àtijọ́ run. Ìwọ̀nyí lè mú kí jẹjẹrẹ yọ ní ẹnu, ní awọ ara, tàbí ní ibòmíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ewu náà pọ̀ jù fún àwọn tí a bí pẹ̀lú àrùn ẹ̀jẹ̀ tí Dókítà Fanconi, ará Switzerland, ṣàpèjúwe ní 1927.

Àwọn kan wí pé: “Ẹ má sọ fún un, kí ẹ̀rù má baà mú un kọ ìwòsàn.” Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1957, Póòpù Pius Kejìlá kọ́ àwọn dókítà pé agbára wọn lórí aláìsàn kò kọjá ìyọ̀ǹda tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fún wọn. Báwo ni ẹni tí kò mọ òtítọ́ yóò ṣe yọ̀ǹda?

Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ikú òní ni kí a kọ́kọ́ lé. Ìwòsàn náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kìlọ̀ fún, bí egbò kékeré bá yọ sí i lẹ́nu, yóò rò pé pákò ni ó gún òun, títí yóò fi pẹ́ jù. Ẹni tí ó mọ̀ yóò tètè lọ bá dókítà, yóò sì sá fún sìgá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, kí a má sì kọ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá sílẹ̀ láìbojútó.