Òkò Tí A Sọ Sí Ọjà



Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tí ó ń bọ́ láti òfurufú ní ìpínlẹ̀ Sókótó yìí, nítorí púpọ̀ nínú wa ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ àti ní ọ́fíìsì bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà wá àwọn Lakurawa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Silame. Bọ́ǹbù bọ́ sí abúlé Gidan Sama àti Rumtuwa. Gómìnà Ahmed Aliyu sọ pé ènìyàn 10 ni ó kú. Àwọn ológun ní kì í ṣe bọ́ǹbù àwọn gan-an ni ó pa wọ́n, pé ohun mìíràn ni ó bú gbàmù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún yí po, ní òru Kérésìmesì ọdún 2025, Amẹ́ríkà ta ohun ìjà wọ igbó Bauni ní Tangaza, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba Nàìjíríà. Ìjọba sọ pé àfọ́kù rẹ̀ bọ́ sí Jabo ní Tambuwal, òmíràn sì bọ́ sí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀fà, ẹ̀yin ará! Wọ́n ju òkò sí Tangaza, ó dé ilé wa. A dúpẹ́ pé ìjọba ní kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kí a má ṣe ojúsàájú. Àwọn Lakurawa kì í ṣe ọ̀dọ́ àgùntàn. Ní nǹkan bí ọdún 2017, àwọn ará Gudu àti Tangaza kan ni ó pè wọ́n kí wọ́n wá gba àwọn lọ́wọ́ àwọn olè. Nígbà tí wọ́n fìdí múlẹ̀ tán, wọ́n ń gba màlúù ní owó orí, wọ́n ń na ènìyàn ní pàṣán, wọ́n sì ń pa á. Ìjọba tí kò lè gba ará ìlú lọ́wọ́ apànìyàn kò yẹ ní ìjọba. Ẹni tí ó ní kí a káwọ́ gbera máa wò wọ́n, kò tíì sìnkú ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé: "Orí ejò ni kí wọ́n bẹ́, ìyókù á kú, bí ẹni díẹ̀ bá bá a lọ, owó àlàáfíà ni." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọjà yìí wò kí a tó san owó rẹ̀. Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní oṣù Keje ọdún 2009. Shekau jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì burú jù ú lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn ológun òfurufú kéde pé bọ́ǹbù ti ba Shekau lọ́nà tí kò lè yè. Ó yè. Inú ìjà pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Orí ejò yìí ń hù. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tí a bá san lónìí lè má ra àlàáfíà kankan.

Àwọn mìíràn ní: "Ṣebí wọ́n ń bá wọn gbé ni." Ẹni tí ìbọn wọ abúlé rẹ̀, níbo ni kí ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ? Ábúráhámù bẹ̀bẹ̀ fún Sódómù, láti orí àádọ́ta olódodo títí dé orí mẹ́wàá. Mẹ́wàá náà ni a kà ní Silame.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kàn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ààrẹ Trump sọ pé nítorí àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pa ni òun fi ṣe èyí. Nítorí náà àwọn kan nínú wa ń kí ara wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tí Lakurawa ń ni lára ní Gudu àti Tangaza. Bí wọ́n bá sì fi orúkọ wa ju òkò, ẹrù rẹ̀ ń wúwo lórí wa sí i ni. Àwọn tí a ń ra àlùbọ́sà àti ẹran lọ́wọ́ wọn, tí a ń gbé àárín wọn, ará ilé wa ni wọ́n. Òwe náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ju òkò láé. Ó ní kí ẹni tí ó gbé e mọ̀ pé ẹni tí yóò bà kì í ṣe àjèjì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àwòrán òkú ránṣẹ́ sí ara yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún àwọn tí ogun pa, kí a ka àwọn ará Silame mọ́ wọn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ń gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ rí i pé a kọ orúkọ òkú sílẹ̀, kí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó fi sílẹ̀ má bàa sọnù. Kò kọjá agbára ènìyàn. Nígbà tí bọ́ǹbù pa ènìyàn tí ó lé ní 80 ní Tudun Biri, ní Kàdúná, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ológun gbà pé àṣìṣe àwọn ni. Ẹni tí ó ní agbára láti ju òkò gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ láti rìn dé ilé ẹni tí ó bà.