Gálílì, Òkè Sóbí, àti Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn Rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dìde láàrin wa ní Ìlọrin bí Àjíǹde bá ti ń súnmọ́ tòsí, a kò sì rò pé ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò jíjẹ àti mímu nìkan láti dáhùn. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí baba àti ìyá mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gun òkè ní ọjọ́ Gálílì? Àwọn kan wí pé ó tọ́, wọ́n sì ti ń wá bàtà. Àwọn mìíràn wí pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ó sì ju ilé kan lọ tí baba wà ní apá kan, tí ìyá wà ní apá kejì, tí ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sí àárín wọn, ẹni tí a kò bi léèrè ohunkóhun.

Ẹ mọ bí àṣà náà ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Áńgẹ́lì sọ fún àwọn obìnrin ní ibojì pé Olúwa ń ṣáájú lọ sí Gálílì. Mátíù sì ròyìn ní orí rẹ̀ ìkẹyìn pé àwọn mọ́kànlá lọ sí orí òkè tí Jésù ti yàn fún wọn. Nítorí èyí ni àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá fi ń jáde ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde pẹ̀lú orin àti ìlù, lọ sí pápá, sí etí odò, tàbí sí orí òkè. (A kò gbọ́ pé àwọn mọ́kànlá náà mú ọmọdé kankan lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ohun tí Ìwé Mímọ́ kò sọ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.) Ní Ìlọrin wa, òkè tí ojú gbogbo ènìyàn ń wò ni Sóbí, àpáta ńlá tí ó dá dúró ní ìhà àríwá ìlú. Kò ga bí a bá fi wé àwọn òkè Ìdànrè: orí rẹ̀ kò tó 400 mítà sókè ju òkun lọ, ilẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ sì ti tó nǹkan bí 300 mítà. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún mítà lójú àgbà kì í ṣe ọgọ́rùn-ún mítà lójú ẹni tí orí rẹ̀ kò tíì dé ìgbátí baba rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ takò ó wí pé eré òyìnbó ni. Pé kò sí baba Yorùbá kan tí yóò di ọmọ lọ́wọ́ mú, tí yóò sì máa gun àpáta tí kò sí oko tàbí ọjà lórí rẹ̀. Ìdajì òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba wa gun òkè, wọ́n sì gbé ọmọ gùn ún, ṣùgbọ́n ogun àti àìní ni ó lé wọn lọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ, àpáta náà ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi, tàgbà tọmọ. Àwọn ará Ìdànrè sì gbé orí òkè láti ìran dé ìran kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ààfin wà lórí òkè náà, ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni a sì ń gùn lónìí kí a tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò lórí àpáta, nítorí náà.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín gan-an ni ọ̀ràn náà ti le. Ìyá tí ó pọn ọmọ sá gun òkè nítorí ogun kò ní ẹnì kan tí yóò bi í pé èéṣe. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, àwọn tí ó lé e ni ó jẹ̀bi. Àwa kò ní ogun lẹ́yìn. Ayọ̀ ni ó mú wa jáde, ohun tí ìpọ́njú sì gbà láàyè, ìnàjú kò gbà á. Àgbà tí ó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ wéwu fún ayọ̀, ara rẹ̀ ni ó ní. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kì í ṣe ti baba. Ọmọdé kò lè wọn ewu. Bí baba bá wí pé, ‘Jẹ́ kí a lọ,’ yóò lọ, kì í ṣe nítorí pé ó ti rò ó, bí kò ṣe nítorí pé baba rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ẹrù tí ó wúwo jù lọ tí a ń rù gun òkè, a sì ń rí àwọn tí ó rù ú bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo Jákọ́bù. Nígbà tí òun àti Ísọ̀ bá ara wọn làjà, Ísọ̀ wà pẹ̀lú irinwó ọkùnrin, ó sì fẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ máa rìn. Jákọ́bù kọ̀. Ó ní àwọn ọmọ kò le, àwọn ẹran sì ń fún ọmọ lọ́mú. Bí a bá fi agbára dà wọ́n ní ọjọ́ kan, wọn yóò kú. Kí olúwa rẹ̀ máa lọ ní iwájú, òun yóò máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti lè gbé e. Àwọn kan yóò wí pé ọgbọ́n àrékérekè ni, nítorí Sùkótù ni ó gbà lọ nígbẹ̀yìn, kò sì tẹ̀lé arákùnrin rẹ̀ dé Séírì. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi àwáwí bẹ́ẹ̀ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ irinwó ọkùnrin, bí kò bá ṣe pé ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ń tiro, nítorí ìjàkadì òru. Bóyá ẹsẹ̀ tí ń tiro ni ó kọ́ ọ bí ẹsẹ̀ kékeré ti rí.

Ìrìn mìíràn wà tí àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì mú Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn náà. Ọmọdé ni òun fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí àbíkẹ́yìn kò sì ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. A fi okùn so wọ́n mọ́ra, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n. A kò wí pé baba tí ń fa ọmọ rẹ̀ ní apá gun Sóbí dà bí àwọn tí ó kó Òṣogùn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé ohun kan ni ó mú kí ìrìn méjèèjì yàtọ̀ síra lójú ọmọ tí ó ti rẹ̀, ohun náà sì ni pé bí ọ̀kan bá wí pé, ‘Ó rẹ̀ mí,’ a ó dúró.

Nítorí náà ni a kò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wí pé kí ọmọ jìyà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Ara kì í ti inú ìbẹ̀rù le. Irọ́ kan sì wà tí ó ti di àṣà lórí òkè, tí àwa olùkọ́ pẹ̀lú ń pa láìka á sí irọ́: ‘Ó kù díẹ̀.’ Ọmọ béèrè pé, ‘Bàbá, ṣé a ti fẹ́rẹ̀ dé?’ a sì dáhùn pé ó kù díẹ̀. Ó tún béèrè, a tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà kẹrin ọmọ náà dákẹ́, a sì yọ̀ pé ó ti mú sùúrù. Kò mú sùúrù. Ó ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ baba òun kò ní ìwọ̀n. A kò mọ iye ìwàásù tí yóò tún èyí ṣe. Kí ló dé tí a kò fi lè wí pé, ‘Ó ṣì jìnnà, wo àpáta tí ó ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni a ó ti sinmi, lẹ́yìn náà ìwọ yóò sọ fún mi bóyá kí a máa lọ tàbí kí a padà’? Ọmọ ọdún márùn-ún lè gbé òtítọ́ tí ó ní àmì tí ojú ń rí.

Àwọn ìyá tí ó wí pé láéláé, ọmọ àwọn kò ní gun òkè, a gbọ́ wọn pẹ̀lú, ìdí wọn kò sì kéré. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù kẹta, kì í sì kọjá ọjọ́ 26 oṣù kẹrin: ìgbà tí oòrùn Ìlọrin gbóná jù lọ nìyí, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì àti mànàmáná. Àpáta ń mu ooru láti òwúrọ̀, ó sì ń tú u jáde sí ara ẹni tí ó súnmọ́ ọn jù, ìyẹn ni ọmọdé. Ara ọmọ kì í làágùn tó ti àgbà. Ó sì ń tètè gba ooru láti ìta, nítorí pé awọ rẹ̀ pọ̀ bí a bá fi wé ìwúwo rẹ̀. Bí àrá bá sán nígbà tí a wà lórí àpáta gbọọrọ, kò sí ibi tí a ó sá sí, abẹ́ igi kan ṣoṣo sì burú ju gbangba lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó gbéra ní kùtùkùtù, kí ó sì ti sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá tí ó pọn ọmọ, ibi títẹ́ ni kí ó mọ. Bí òun bá ṣubú, ẹni méjì ni ó ṣubú.

Ṣùgbọ́n àìlọ pẹ̀lú ní gbèsè tirẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ wa ní Tankẹ́ àti ní Sábó-Òkè: láti inú ilé sí inú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ sí kíláàsì, láti kíláàsì sí iwájú ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ ara wọn débi tí wọn ó ti wo ẹ̀yìn, kí wọ́n sì rí bí òrùlé ilé wọn ti kéré tó. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. A máa ń fi òwe yìí fi ọmọdé ṣe aláìnírònú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣubú tí ó wo iwájú, ó ń wo ẹni tí yóò gbé e dìde. Ó dára kí ó ṣubú díẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà nítòsí.

Èwo wá ni ọjọ́ orí tí ó tó? Àwọn tí ń ṣọ́ òkè Kilimanjaro ní Tansaníà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà, kò gbà kí ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá lọ sí orí rẹ̀. Ní ọdún 2010, Jordan Romero, ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bá baba rẹ̀ gun Everest. Ìhà Tibet ni wọ́n gbà, nítorí Nepal kò jẹ́ kí ẹni tí kò tó ọdún mẹ́rìndínlógún gùn ún. Ọmọ náà dé òkè, ó sì padà ní àlàáfíà, ayé sì ń jiyàn síbẹ̀ bóyá ó yẹ. Sóbí kò ní ẹnubodè irú èyí. Òbí ni ẹnubodè náà.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ nípa lílọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Gálílì rí. Ní ọdọọdún ni Jósẹ́fù àti Màríà ń bá àwọn ará ìlú wọn gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn tí ó bá sì gba Jẹ́ríkò ń gun nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mítà, nítorí Jẹ́ríkò wà nísàlẹ̀ ju òkun lọ. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n sì rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí nínú ẹgbẹ́ náà. Wọn kì í ṣe òbí búburú. Olúkúlùkù rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi má ṣe gba ọmọ mẹ́wàá lé ọwọ́ nítorí pé òun ní fèrè lọ́rùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tó ọdún méje ní ẹnì kan tí a dárúkọ, kí ẹni náà má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Kí tọkọtaya sì ti pinnu nínú ilé, ní alẹ́ ọjọ́ Àjíǹde, ta ni nínú àwọn méjèèjì tí yóò bá ọmọ padà bí ọmọ bá wí pé ó tó. Bí a bá fi í sílẹ̀ di orí òkè, ìyá ni yóò máa padà nígbà gbogbo, a sì ti rí i bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún yìí, kí ó kan baba. Kí ó bá a sọ̀kalẹ̀ láìbínú, kí ó má sì sọ fún àwọn tí wọ́n bá pàdé lọ́nà pé ọmọ ni kò jẹ́ kí òun dé orí rẹ̀. Ibòji wà ní ìsàlẹ̀, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ìyá àgbà tí kò lè gùn yóò sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.