Nígbà Tí Owó Bá Sọnù Níbi Iṣẹ́: Ìwádìí Jẹ́ Àmánà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùmọ-ohun-gbogbo. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa ní ìyànjú kí á páyà Ọlọ́hun. Púpọ̀ nínú wa ni a fi ṣe ọ̀gá: ní báǹkì, ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé ìtajà, nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí owó bá dín, kí ni a máa ń ṣe? Ẹlòmíràn a lé ẹni tí kò ní alágbàwí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn a lọ bá ààfáà kí ó tẹ yanrìn. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, nítorí pé ìbátan rẹ̀ ni ó kó owó náà, a bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àbòsí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí á wo Súrà An-Nisā láti āyah 105. Àwọn onítúmọ̀ Al-Kùránì ròyìn pé ọmọ Ubayriq kan ní Mẹ̀dínà jí ẹ̀wù ogun onírin, wọ́n sì rí ẹrù náà ní ilé Yahúdì kan. Àwọn ẹbí olè dúró tì í, wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi ru Yahúdì. Ọlọ́hun sọ āyah kalẹ̀, Ó wẹ aláìṣẹ̀ mọ́, bí kò tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Ẹni tí a bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ olè. Ìbátan wa sì lè jẹ́ olè.

Ànábì fúnra rẹ̀ bá Ibn al-Lutbiyya ṣírò owó sàká nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì gbà kí ó mú ẹ̀bùn tí ipò rẹ̀ fà wá. Nítorí náà, bíbéèrè ìṣirò kì í ṣe ìwọ̀sí.

Nígbà tí àwọn ará Kúfà fi ẹ̀sùn kan gómìnà wọn, Sa'd ọmọ Abī Waqqās, Umar mú un kúrò nípò, ó bi òun náà léèrè, ó sì rán olùwádìí láti mọ́sálásí kan dé òmíràn ní Kúfà. Gbogbo wọn yìn ín, àfi ẹnì kan tí ó ní kì í pín nǹkan dọ́gba. Nígbà tí ikú Umar súnmọ́, ó sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe nítorí ìjàǹbá ni òun fi yọ Sa'd. Ẹni tí a bá wádìí, tí a kò bá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ ẹ́ ní gbèsè orúkọ rere.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọ̀gá wa ní ìwádìí kí owó tó sọnù. Kí ẹni tí ń gba owó má ṣe jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé owó. Bí ìfura bá dé, kí á kọ́kọ́ tọ́jú ìwé ẹ̀rí, rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ báǹkì. Kí á wò ó bóyá àṣìṣe ìṣirò ni. Kí ìbátan tàbí ọ̀tá ẹni náà má ṣe ìwádìí. Kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á má ṣe tan án kálẹ̀. Àwọn àgbà wa ní: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 36, náà ka ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé. Bí ẹ̀rí bá sì dúró, kí á má ṣe fi ojú àánú pa ẹ̀tọ́ àwọn tó ni owó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mú nínú owó iṣẹ́, ẹ dá a padà lónìí. Ìtúúbá kò pé láìdá ẹ̀tọ́ padà.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á pàdé Rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ pẹ̀lú ẹrù aláìṣẹ̀ lọ́rùn. Àmín.