Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Bàbá kan wà n'Ibadan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó fi gọ́ọ̀fù ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí ọ̀pá tó ń lò gbó, ó ra òmíràn, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Irin rẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tó tà á fún un ní irú èyí ni àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń lò, kò sì parọ́. Lẹ́tà X wà lára ṣáàfù rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tó so orí ọ̀pá mọ́ ibi tí à ń dì mú.

Bàbá kò bèèrè ohun tí X ń sọ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni à ń fi mọ bí ṣáàfù ṣe le tó. L ló rọ̀ jù, A tẹ̀ lé e, R wà láàárín, S le, X sì le ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ọ̀jẹ̀ eléré l'Amẹ́ríkà ń fi eré nǹkan bíi máìlì 115 ní wákàtí kan fì dráífà wọn, ìyẹn ọ̀pá tí à ń fi gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù. Eré yẹn ló ń mú kí ṣáàfù líle tẹ̀, kó sì nà padà kó tó kan bọ́ọ̀lù. Àgbàlagbà tí eré apá rẹ̀ kò ju 80 lọ kò lè mú un tẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bọ́ọ̀lù Bàbá wá ń fò nílẹ̀nílẹ̀, ó ń yà sápá ọ̀tún, kò sì ń jìnnà. Ó rò pé agbára òun ló dín kù, ló bá fi kún un. Ó di ọ̀pá mú pinpin, ó ń fi èjìká fà á, ó ń yí ìbàdí kó tó tó àkókò. Nígbàkigbà tí kò bá bá àárín bọ́ọ̀lù, irin náà á gbọ̀n jìnnìjìnnì títí dé ìgúnpá rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń ro ó, ó di ìgúnpá, ó di ẹ̀yìn. Ó ń lo oògùn ara ríro, ó sì ń padà sórí pápá, títí ó fi di pé kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà.

Dókítà ní kó sinmi. Nígbà tí Bàbá padà sórí pápá, kóòṣì kan wò ó, ó sì mú ọ̀pá tí ṣáàfù rẹ̀ jẹ́ graphite, tó fúyẹ́ ju irin lọ, tó sì rọ̀, lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi èyí gbá a. Ẹ má fi agbára kankan sí i." Bọ́ọ̀lù gbéra, ó lọ tààrà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ara ti kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọ̀pá líle. Èjìká ṣì ń sáré ṣáájú ìbàdí, ọwọ́ ṣì ń di ọ̀pá mú bí ẹni ń bá a jà. Ó pẹ́ kí Bàbá tó gbàgbé àṣà náà, ó sì pẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Èyí ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Ohun èlò tí kò bá wa mu kì í pa wá lára nìkan, ó máa ń kọ́ ara wa ní ìwà tí a óò fi pa ara wa lára.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ló ń ti ọ̀dọ̀ ṣáàfù wá. Ìdúró tí kò dára àti àìna ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ń ṣe tiwọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹni tí ara ń ro kọ́kọ́ lọ. Ṣáàfù tó rọ̀ jù náà ní wàhálà tirẹ̀, ó lè máa fa bọ́ọ̀lù ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún sápá òsì. Lẹ́tà pàápàá kò tó gbára lé, torí R ilé-iṣẹ́ kan lè le tó S ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn eré apá yín, kí ẹ sì fi ọ̀pá tí ẹ fẹ́ rà gbá bọ́ọ̀lù dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ara bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ ọ̀pá, ẹ má fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ dúró, kí ẹ yẹ ọ̀pá náà wò.