Ta Ló Ni Èdè?

Ará mi ní Ṣábẹ̀, gbọ́. Ìmàle ń gba àdúrà, onígbàgbọ́ náà ń gba àdúrà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kò sì dá ìjà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní 1884, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ó ń dun àwọn tó ń bọ Èṣù, nítorí ìránṣẹ́ Olódùmarè ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀sìn wa lè yàtọ̀, èdè kan náà ni ìyá wa fi rẹ̀ wá. Nítorí náà, kí o tó fi orúkọ kan bú aládùúgbò rẹ, kọ́kọ́ bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀.