Ǹjẹ́ Ìdójútòfò Tako Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun?



Ẹnjiníà kan tí ó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní, “Àáfà, oníbàárà mi ní òun kò ní gbé iṣẹ́ fún mi àfi bí mo bá ní ìwé ìdójútòfò. Bí mo bá gbà á, ṣé kì í ṣe pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun mọ́?”

Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá bá ṣe àṣìṣe, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tí ó dá wà kò ní ẹni tí yóò bá a dáhùn. Gbogbo wa rántí ilé tí ó wó ní Jábí ní 2018 kí wọn tó kọ́ ọ parí. Kì í ṣe gbogbo ilé tí ó wó ni ẹnjiníà jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ̀bi, kí ni yóò fi san án?

Ànábì wa ní kí ará oko so ràkúnmí rẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ràkúnmí ti ẹnjiníà sì le jù bẹ́ẹ̀: bí ó bá já, oko ẹlòmíràn ni yóò jẹ. Gbèsè ènìyàn kì í sì í kúrò lọ́rùn ẹni, bí ó tilẹ̀ kú sójú ogun ẹ̀sìn.

Láyé àwọn Sàhábà, ìdílé a máa kó owó jọ láti san owó ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ wọn tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn. Àwa tí a ṣí wá sí Abuja, ilé ni a fi mọ̀lẹ́bí sí. Ta ni yóò bá wa kó o jọ?

Irú èwo ni kí á gbà? Ní 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ní Jeddah ní ti oníṣòwò kò tọ́, nítorí àìdánilójú inú àdéhùn rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ti ìrànlọ́wọ́ ara ẹni, èyí tí a ń pè ní takaful. Nínú rẹ̀, owó tí oníkálukú dá jẹ́ ìtọrẹ sínú àpò kan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi í gba èlé. Àjọ NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 2013.

Mo wí fún àbúrò mi pé kí ó kọ́kọ́ wá takaful lọ, kí ó sì bi wọ́n dáadáa bóyá ó kan àṣìṣe inú àwòrán àti ìṣirò, nítorí ti mọ́tò kò lè gba ilé là. Kí ó má sì tìtorí ìwé yìí fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Owó lè tún ilé kọ́, kò lè jí òkú.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á ru ẹrù ẹlòmíràn dé iwájú Rẹ̀. Àmín.